Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Yẹ̀ Ẹ́ Wò: Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni owó bàálù

Létà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ, àfi bíi pé gbogbo yín lẹ ti di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà. Mo yọ mẹ́fà níbẹ̀. Ẹni tí ò bá rí tiẹ̀, kó fara balẹ̀ ka ti ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ yín jọra.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ọ̀kan wọ́n, ìkejì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Èyí tó dín yẹn máa yà níbì kan fún wákàtí méjì, wọ́n wá kọ self-transfer sábẹ́ ẹ̀. Mo ní kí n fi sùn, nígbà tó máa fi di àárọ̀ wọ́n ti fowó lé e. Ọ̀rẹ́ mi ní fóònù mi ló ń ṣòfófó mi, pé kí n máa fi incognito wá a, ìyẹn ojú ewé tí fóònù kì í ti í rántí ohun téèyàn wá. Ṣé òótọ́ ni, ṣé kí n sì rà á? – Aṣọ́wóná

Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òfófó yẹn. Àwọn àga inú bàálù kan, tó jọra wọn délẹ̀, oríṣiríṣi owó ni wọ́n fi ń tà wọ́n, díẹ̀ ni wọ́n gbé sí owó pọ́ọ́kú, díẹ̀ sí àárín, ìyókù wọ́n. Tí àwọn tó kéré jù bá ti tán, kọ̀ǹpútà wọn á gbé èyí tó tẹ̀ lé e síta fún gbogbo ayé, kì í ṣe torí pé ìwọ lo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ra méjì tó kẹ́yìn nígbà tó o ń hanrun lọ́wọ́. Lo incognito tó o bá fẹ́, kò ní pa ẹ́ lára, àmọ́ má retí pé ó máa dín owó kù. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nìyí: tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, kọ́kọ́ wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ṣoṣo, kó o tó wá ti ẹni mẹ́rin, torí tó bá jẹ́ mẹ́ta ló kù nínú owó pọ́ọ́kú, kọ̀ǹpútà sábà máa ń gbé gbogbo ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí owó tó ga, tẹ́ ẹ bá sì ra mẹ́ta lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ ra ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ ti jèrè nìyẹn. Tún lọ sí Google Flights, ṣí kàlẹ́ńdà ẹ̀, wo bí owó ṣe ń yí láti ọjọ́ dé ọjọ́, Tuesday àti Wednesday sábà máa ń rọjú ju Friday àti Sunday lọ, kó o wá ní kí wọ́n máa fi íméèlì ránṣẹ́ sí ẹ tí owó bá já wálẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kó o yé ṣọ́ ọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ó ku self-transfer, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó o fetí sí. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ò mọra rárá ni wọ́n tò pọ̀ níwájú ẹ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ìkejì ò ní dúró dè ẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè òmíì. Èmi náà ti kó sí i rí. Wákàtí méjì lé díẹ̀ ló wà láàárín, mo ní ó ti pọ̀ jù, àní mo tiẹ̀ ń ronú ohun tí n máa kà. Bàálù àkọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 45 pẹ́, mo wá lọ dúró síbi tí ẹrù ti ń yí, rọ́bà dúdú yẹn ń yí lọ ó ń yí bọ̀, báàgì aláwọ̀ ewé kan kọjá lójú mi lẹ́ẹ̀mẹrin, tèmi ò yọjú. Ìgbà tó máa fi dé, ṣe ni mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo dé káńtà, iná ṣì ń tàn níbẹ̀ àmọ́ ẹni tó jókòó ti ń ká wáyà jọ, ó kàn fìka han aago fún mi ni, wọ́n ti ti káńtà ní ìṣẹ́jú méje sẹ́yìn. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó gbé mi wá, wọ́n ní ibi tí mo sanwó fún náà kọ́ ni wọ́n gbé mi dé ni? Òótọ́ ni, mi ò rí fèsì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà lálẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ gbogbo owó tí mo rò pé mo jèrè, ó tún bu èyí tó wà lápò mi sí i.

Nítorí náà mú bébà. Kọ owó tíkẹ́ẹ̀tì sókè, kó o wá kọ owó báàgì sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí bàálù méjì ni, owó àga tó o bá fẹ́ yan ibi tó o máa jókòó, owó mọ́tò tó bá jẹ́ pé òru lo máa balẹ̀ tàbí pé pápákọ̀ náà jìnnà sígboro, owó físà ibi tó o ti máa yà tó bá pọn dandan pé kó o jáde lọ gba ẹrù ẹ kó o tún padà wọlé. Tó o bá rò ó pọ̀ tán tó ṣì dín, ra èyí tó dín. Tó bá ku ṣín-ń-ṣín, ra èyí tí wọ́n ti kọ ìrìn-àjò méjèèjì sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, torí tí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn ni wọ́n máa wá òmíì fún ẹ. Tówó bá sì bára mu, lọ́dọ̀ oníbàálù fúnra ẹ̀ ni kó o ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ alágbàtà, ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà lo máa mọ ìdí ẹ̀, ṣe ni àwọn méjèèjì á máa jù ẹ́ síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ tiẹ̀ ní àǹfààní kan: tó o bá rà á lọ́wọ́ oníbàálù nígbà tó ku ọjọ́ méje ó kéré tán, òfin wọn ní kí wọ́n jẹ́ kó o fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín wákàtí 24 tàbí kí wọ́n bá ẹ di owó yẹn mú fún wákàtí 24 láìtíì sanwó.

Ẹ jọ̀ọ́, pawa báńkì mi, ṣé inú báàgì ńlá ni kí n jù ú sí? Wọ́n gba ti ẹnì kejì mi nígbà kan. – Fóònù Ò Gbọdọ̀ Kú

Rárá o, ọwọ́ ẹ ló gbọdọ̀ wà. Bátìrì lithium lè gbiná, tó bá gbiná lókè níbi tẹ́ ẹ jókòó sí àwọn òṣìṣẹ́ á rí i wọ́n á sì pa á, tó bá wà níkùn bàálù láàárín ẹrù, ta ló máa tètè rí i? Wọ́n máa ń fi Wh (watt-hour, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó) wọ̀n ọ́n, 100 Wh sísàlẹ̀ ò ní wàhálà, láti 100 dé 160 o gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbàálù, tó bá ti ju 160 lọ fi í sílé. Tí wọn ò bá kọ Wh sí i lára, wo nọ́ńbà mAh tí wọ́n kọ sí i lára, sọ ọ́ dọ̀nà 3.7, kó o pín in sí 1,000: ti 20,000 mAh á fún ẹ ní 74, ó lọ, ti 30,000 á fún ẹ ní 111, wàá gbàṣẹ. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá, òun ni wọ́n sábà máa ń gbà, ó lè jẹ́ bí ti ẹnì kejì ẹ ṣe lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì ní báàgì ọwọ́ ẹ ti pọ̀ jù lẹ́nu géètì, pé àwọn fẹ́ gbé e sísàlẹ̀, yọ pawa báńkì yẹn kó o tó gbé e fún wọn. Púpọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ibẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n, báàgì mi ò bá mi dé, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e wá, táyà ẹ̀ kan ti kán. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ra aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mi ò tíì kọ nǹkan kan sí wọn, ṣé ó ti bọ́? – Ọlọ́kàn Tútù

Apá kan ti bọ́, apá kan ò tíì bọ́. Àdéhùn Montreal ti 1999 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì pọ̀. Ẹrù tó bà jẹ́, ọjọ́ méje péré lo ní láti kọ̀wé sí wọn, ọjọ́ tí ẹrù dé ọwọ́ ẹ ni wọ́n ti ń kà á, torí náà gbàgbé ti táyà. Ẹrù tó pẹ́, ọjọ́ 21 ni, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ fún ẹ. Kọ ọ́ lálẹ́ yìí. Fi àwòrán rísíìtì aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì yẹn sí i, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ẹ, àti nọ́ńbà tó wà lára sítíkà kékeré tí wọ́n lẹ̀ fún ẹ ní káńtà. Ọkàn tútù dáa, àmọ́ àwọn oníbàálù fẹ́ràn ẹ̀ jù ẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ mìíì, má kúrò ní pápákọ̀ láìjẹ́ pé o ti dé ọ́fíìsì ẹrù wọn, kí wọ́n kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní PIR fún ẹ, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé o ti fẹjọ́ ẹrù ẹ sùn, kó o ya fọ́tò ẹ̀. Kódà káńtà ibi tó o ti gbéra gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà lára sítíkà kí báàgì tó wọlé lọ, tó o bá ń lọ sí Heathrow ní London, LHR ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tó o bá rí nǹkan míì pariwo. Ya sítíkà àtijọ́ kúrò lára báàgì, òun ló máa ń ṣi ẹ̀rọ wọn lọ́nà, kó o kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ sórí bébà, kó o fi í sínú báàgì pẹ̀lú, torí tìta lè já.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi ti lé ní 70, wọ́n fẹ́ dá nìkan wọ bàálù fúngbà àkọ́kọ́, wọ́n á sì pààrọ̀ bàálù lọ́nà. Ẹsẹ̀ wọn máa ń wú. Ẹ̀rù ń bà mí ju àwọn gan-an lọ. – Àbígbẹ̀yìn

Kí màmá lọ kí wọ́n bọ̀ láyọ̀. Pe oníbàálù lónìí, sọ pé o fẹ́ àga onítáyà fún wọn, wheelchair tí gbogbo èèyàn ń pè é, kò yẹ kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ó kéré tán, kó o ti sọ ọ́ nígbà tó ṣì ku wákàtí 48 kí bàálù gbéra. Má rò pé ti arọ nìkan ni. Sọ fún wọn pé WCHR lo fẹ́, ìyẹn ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí ò lè rìn jìnnà. Tí wọn ò bá lè gun àtẹ̀gùn, WCHS ni. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ lọ, torí ẹni tó ń ti àga yẹn mọ ọ̀nà, ó máa mú wọn la ibi àyẹ̀wò kọjá, ó máa mú wọn dé ẹnu géètì bàálù kejì, màmá ò ní máa wo pátákó kiri.

Bá wọn gba àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí wọ́n lè máa dìde láìbẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n sì rìn díẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, kí wọ́n máa mu omi. Ẹsẹ̀ tó ń wú tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kẹ́ ẹ tó lọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn lórí ìyẹn. Oògùn wọn, inú báàgì ọwọ́, nínú páálí ẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwé dókítà. Sọ fún wọn pé etí wọn máa dí tí bàálù bá ń balẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n máa gbé itọ́ mì tàbí kí wọ́n la súìtì, kí wọ́n má sì sùn lákòókò yẹn torí ẹni tó sùn kì í gbé itọ́ mì dáadáa. Wá kọ ọ́ sórí bébà kan ní lẹ́tà gàdàgbà: orúkọ wọn, nọ́ńbà bàálù méjèèjì, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa wá gbà wọ́n. Fóònù lè kú, bébà kì í kú.

Wọ́n fagi lé bàálù wa, wọ́n wá fún wa ní fáọ́ṣà, ìyẹn ìwé tá a lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì míì lọ́dọ̀ wọn dípò owó. Ṣé dandan ni kí n gbà á? – Inú Ń Bí Mi

Kì í ṣe dandan. Tó bá jẹ́ láti European Union lo ti gbéra, tàbí tó o ń lọ síbẹ̀ nínú bàálù ilé-iṣẹ́ wọn, òfin 261 ti ọdún 2004 ní kí wọ́n dá owó ẹ padà tàbí kí wọ́n wá bàálù míì fún ẹ, ìwọ lo máa yan èyí tó o fẹ́. Oúnjẹ àti ibi tó o máa sùn, ọrùn wọn ló wà nígbà tó o bá ń dúró de bàálù míì yẹn. Tí wọn ò bá sọ fún ẹ tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tàbí tó o fi wákàtí mẹ́ta pẹ́ dé, owó gbà-má-bínú lè wà lórí ẹ̀, 250, 400 tàbí 600 yúrò, bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó, àfi tó bá jẹ́ ojú ọjọ́ tàbí irú nǹkan tí apá wọn ò ká. Ní Amẹ́ríkà náà, tí wọ́n bá fagi lé e tó o sì kọ èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò, owó ẹ ni wọ́n máa dá padà, kì í ṣe fáọ́ṣà. Má kàn fi ìbínú tẹ "mo gbà" lórí fóònù, torí tó o bá ti gba fáọ́ṣà yẹn, ó máa ṣòro kó o tó tún sọ pé owó lo fẹ́.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló jábọ́ lára orúkọ mi lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọ bàálù? – Ó Ku Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Má lọ dán an wò ní káńtà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń tún lẹ́tà kan ṣe láìgbowó tó bá ti yá tí wọ́n ti gbọ́, ohun tí wọn ò ní gbà ni kó o sọ ọ́ di orúkọ ẹlòmíì. Tó o bá ti mú páàsípọ́ọ̀tù jáde, wo ọjọ́ tó máa kú pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà nílẹ̀. Wá gbé fóònù, pè wọ́n, kó o máa wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ páàsípọ́ọ̀tù yẹn bó o ṣe ń ka orúkọ ẹ fún wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.