Ìgbà tí ìrù bá bo tòlótòló lójú ni kí ẹ fa ọṣán

Ẹ kú ìsapá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni tòlótòló igbó ti sá mọ́ yín lọ́wọ́ ní Georgia ní Amẹ́ríkà, pé bí ẹ ṣe ń fa ọrun recurve yín (ọrun tí orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú) ló ń rí yín. Ẹ má fà á rárá nígbà tó bá kọjú sí yín. Ẹ dúró dìgbà tí akọ bá tan ìrù, tó sì kẹ̀yìn sí yín. Ìrù yẹn á bò ó lójú.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ yín o, bí ìgbésẹ̀ 15 sí ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ère ẹ̀tàn tó jọ akọ tí kò tíì gbó síwájú àgọ́ ìbùba yín ní ìgbésẹ̀ 7, kí ojú ère náà wà lọ́dọ̀ yín. Akọ ńlá á wá dojú kọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ yín.

Aṣọ dúdú ni kí ẹ wọ̀ nínú àgọ́. Ẹ fa ọrun wò lórí ìjókòó kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà gbá àga. Ẹyẹ kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ báyẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Tó bá kẹ̀yìn, ìdí ìrù láàárín ni kí ẹ dojú ọfà kọ. Tó bá fẹ̀gbẹ́ hàn, ibi tí apá ti so mọ́ ara ni.