Ẹ Bi Wá: Ampilifáyà Kékeré fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Tọwọ́ Bọ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ohùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ó wù mí kí n máa fọwọ́ ara mi to ẹ̀rọ ohùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí ni kí n rà, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀? — Òǹkàwé láti Òṣogbo

Ẹ fi iná NEPA sílẹ̀ ná. Iná 230 fóòtì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá gbé èèyàn, ó lè parí síbẹ̀. Bátìrì 9 fóòtì tó láti mú spíkà kékeré dún dáadáa.

Ampilifáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ohùn tóbi sí i, tó ń lo IC (ẹ̀yà iná kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀) kan ṣoṣo, LM386, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ 8 ló ní. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ ra kápásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) 220 µF, 100 µF, 100 nF àti 47 nF, rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 10 ohm kan àti 1k (1,000 ohm) méjì, fọ́lúùmù 10k, spíkà 8 ohm, bátìrì pẹ̀lú ìdè rẹ̀, okùn tí a ń kì bọ fóònù, mítà tí a fi ń wọn iná, àti breadboard, ìyẹn pákó oníhò tí a ń ki ẹsẹ̀ nǹkan bọ̀ láìfi lẹ́ẹ̀dì jó o. Wọ́n ń tà wọ́n ní Alábà. Ẹ sì lè tú spíkà lára rédíò tó ti kú.

Ẹ kọ orí IC tó ní àmì gígé sókè. Ẹsẹ̀ 1 wà lókè lápá òsì. Ẹ kà á wálẹ̀ dé 4, kí ẹ sọdá sí 5 lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, kí ẹ wá kà á gòkè dé 8. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Pósítífù bátìrì lọ sí ẹsẹ̀ 6; négétífù lọ sí 4 àti 2. Ẹsẹ̀ àárín fọ́lúùmù lọ sí 3. Nínú méjì tó kù, ọ̀kan ń gba ohùn, èkejì lọ sí négétífù. Ohùn òsì àti ọ̀tún fóònù ni kí ẹ so pọ̀ gba inú 1k kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dè wọ́n pọ̀ lásán, kí wọ́n má baà máa ti ara wọn.

Láti ẹsẹ̀ 5, ẹ gba inú 220 µF lọ sí spíkà, kí ẹsẹ̀ spíkà kejì lọ sí négétífù. Ìlà tó wà lára kápásítọ̀ yìí ni négétífù rẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí spíkà. Láti 5 kan náà, ẹ so 10 ohm mọ́ 47 nF, kí wọ́n parí sí négétífù. 100 µF àti 100 nF á wà láàárín 6 àti 4, kí wọ́n sún mọ́ IC gan-an. Ẹ fi 1, 7 àti 8 sílẹ̀ lófìfo.

Kí ẹ tó so spíkà, ẹ wọn ọ́n! Ẹ fi wáyà dúdú mítà kan négétífù, kí ẹ fi pupa kan ẹsẹ̀ 5. Bátìrì 9 fóòtì gbọ́dọ̀ fún yín ní nǹkan bíi 4.5, ìdajì gééré. Tó bá jẹ́ 0 tàbí 9, ẹ yọ bátìrì kíákíá, kí ẹ tún ẹsẹ̀ kà. IC tó ń gbóná débi tí ìka ò lè gbà á, ẹ ti kì í bọ̀ lódìlódì nìyẹn.

Tèmi ti ń dún, àmọ́ ó ń ṣe pọ-pọ-pọ bí alùpùpù, ó sì tún ń kùn. — Òǹkàwé láti Èkó

Àìsàn méjì ni. Pọ-pọ-pọ wá láti ibi bátìrì. Bí spíkà bá ti fa iná, fóòtì á wálẹ̀, IC á gbọ́ ìwálẹ̀ yẹn bí ẹni gbọ́ ohùn, á tún gbé e jáde. Ẹ pààrọ̀ bátìrì tó ti rẹ̀, kí ẹ sì mú 100 µF sún mọ́ ẹsẹ̀ 6.

Kíkùn ní tirẹ̀ jẹ́ iná NEPA tí wáyà gígùn ń fà mọ́ra. Ẹ fi wáyà kékeré so ẹsẹ̀ 3 mọ́ négétífù. Bó bá dákẹ́, wáyà tó ń gbóhùn wọlé ló jẹ̀bi: ẹ lo wáyà tí a fi àwọ̀n wáyà bò lára, kí ẹ so àwọ̀n náà mọ́ négétífù. Bí kò bá dákẹ́, ẹ wá ibi tí négétífù ti já. Bí ẹ bá sì ti fi 10 µF sáàárín 1 àti 8, ẹ yọ ọ́. Ó ń sọ ìlọ́po ohùn láti 20 di 200, ariwo náà á pọ̀ tẹ̀lé e, fóònù ò sì nílò rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀dì tí mo ń yọ́ láti fi jó ẹsẹ̀ nǹkan mọ́ páńẹ́ẹ̀lì kì í mú, ó kàn ń ṣù bọ̀ǹbọ̀ ni. — Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta

Áyọ́ọ̀nù, irin gbígbóná tí a fi ń jó nǹkan, ni ẹ fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ẹ ò mú ibi tí ẹ fẹ́ jó gbóná. Ẹ fi ẹnu áyọ́ọ̀nù 30 wáàtì kan ẹsẹ̀ àti ojú páńẹ́ẹ̀lì (pákó tí a ń jó ẹsẹ̀ nǹkan mọ́) lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan ojú ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹnu áyọ́ọ̀nù. Ó yẹ kó tàn, kó sì gun ẹsẹ̀ náà bí òkè ṣóńṣó. Ẹ má mì í títí á fi gan. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó ní oje nínú ni kí ẹ rà. Ásíìdì táwọn tó ń jó páànù ń lò yóò jẹ páńẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.