Ṣé Ẹkún Lórí Ìrun Túmọ̀ Sí Pé Ìmáànì Mi Ti Lọlẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékù, Àfáà. Ọjà Wàndó ni mo ti ń tajà, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Màámi kú lọ́dún tó kọjá, a ò sì rẹ́ kí wọ́n tó lọ. Mò ń kírun márààrún, àmọ́ tí mo bá ti forí kanlẹ̀ báyìí, ẹkún ni. Àwọn kan ní onímáànì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n mówó wá kóun lé àńjọ̀nú lára mi.

Ìdáhùn: Wa àlékù sàlámù, tàǹtí. Kí Ọlọ́hun forí jin màmá.

Ẹ tọ́jú owó yín o. Mi ò sọ pé kò sí àńjọ̀nú, wọ́n wà nínú Kùránì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sunkún ni wọ́n gùn, àwa Àfáà náà mọ̀, owó ni kì í jẹ́ káwọn kan sọ ọ́.

Ti ìmáànì yẹn, ṣé tiwa wá ju ti Ànábì Yaqub lọ ni? Ó sunkún Yusuf títí ojú ẹ̀ fi funfun, ẹ wo Súrà Yusuf, áyà 84. Nígbà táwọn ọmọ ẹ̀ ń bá a wí, ó ní Ọlọ́hun lòun ń ro ìbànújẹ́ òun fún. Ànábì wa náà, omi bọ́ lójú ẹ̀ nígbà tí Ibrahim ọmọ ẹ̀ ń kú lọ. Ká faṣọ ya, ká máa gbá ara wa lójú, ká máa ké tantan, ìyẹn lẹ̀sìn kọ̀.

Àmọ́ ẹ ní ẹ ò rẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ẹ kàn sọ ọ́ kọjá ni, èmi sì rò pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ó lè máà jẹ́ ikú ló ń pa yín lẹ́kún, ó lè jẹ́ ìbínú, ó lè jẹ́ àbámọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Súrà 59, áyà 19 ní ká má dà bí àwọn tó gbàgbé Ọlọ́hun, tí Ọlọ́hun wá mú kí wọ́n gbàgbé ara wọn, torí náà ẹ yẹ inú ara yín wò. Imam Ghazali pàápàá, lọ́dún 1095, olùkọ́ ńlá ni ní Bàgdádì, ahọ́n ẹ̀ kọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ ò wọlé, àwọn oníṣègùn ní ọ̀rọ̀ ọkàn ni.

Torí náà, ẹ jí kó tó di àsùbáà, ẹ kí ráká méjì, tẹ́ ẹ bá ti sàlámà ẹ gbọ́wọ́ sókè kẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: màámi ṣe mí báyìí, èmi náà fèsì báyìí. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ fi Gùn sọ ọ́ tó bá yá, Ọlọ́hun gbọ́ gbogbo ẹ̀ (àwọn tó ń rò pé Lárúbáwá nìkan ló ń dókè, ẹ fi wọ́n sílẹ̀). Ẹ tọrọ àforíjìn fún wọn, ẹ ṣe sàráà lórúkọ wọn. Bíbọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ òbí ẹni náà wà lára ohun tó kù téèyàn lè ṣe fún òbí tó ti kú, torí náà tí màmá bá lọ́rẹ̀ẹ́ kan l'Ájárá tàbí ní Kétu, ẹ ra nǹkan dání lọ kí i, kẹ́ ẹ ní kó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó bí yín fún yín.

Tí oorun ò bá wá, tí oúnjẹ ò lọ, ẹ rí dókítà, Ànábì ló ní ká máa gba ìtọ́jú. Àmọ́ ẹ má dúró kẹ́kún tán kẹ́ ẹ tó lọ kí ọ̀rẹ́ màmá o, àwọn náà ti ń dàgbà.