Kí ló dé tí íǹkì ń bó lára náílọ́nù omi wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Náílọ́nù píọ́wọ́tà ni mo ń bá àwọn oníbàárà tẹ̀. Bá a bá ṣe é tán, ojú rẹ̀ máa ń dán dáadáa, àmọ́ tí omi bá ti wọ fíríìjì tó jáde, íǹkì á máa bó sí wọn lọ́wọ́. Mo ti pààrọ̀ íǹkì, pàbó ló já sí. Ẹnìkan wá ní kí n lọ ra ẹ̀rọ pílásímà. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ọ̀gá mi. Ẹ má tíì yọwó. Ó ṣeé ṣe kí íǹkì tí ẹ ń bú yẹn má mọwọ́ mẹsẹ̀.

Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe náílọ́nù omi, kábọ́nù àti háídírójìn nìkan ló sì wà lójú rẹ̀. Kò sí ohun tí íǹkì lè dì mú níbẹ̀. Dáìnì la fi ń wọn bí ojú náílọ́nù ṣe lè fa nǹkan olómi mọ́ra tó. Èyí tí wọn ò ṣe nǹkan kan sí wà ní nǹkan bí 31, bẹ́ẹ̀ íǹkì onítínà ń fẹ́ 38 sókè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, íǹkì á ṣe bí omi orí ewé kókò.

Ohun tí pílásímà ń ṣe ni pé iná mànàmáná tó lágbára gan-an á gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, á tú u ká. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa gbá ojú náílọ́nù, wọ́n á já háídírójìn kúrò lára kábọ́nù, ọ́síjìn á sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọ́síjìn yìí ni íǹkì ń rí dì mọ́. Gbogbo rẹ̀ ò jìn ju nànómítà díẹ̀ lọ, ojú lásán ò lè rí i.

Ẹ̀rọ kòrónà (kì í ṣe ti àìsàn o), ọmọ ìyá pílásímà ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe sójú náílọ́nù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń tan iná elésè àlùkò sórí róòlù, àlàfo àárín wọn ò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, òórùn ozone á sì gba ibẹ̀ kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ náílọ́nù fún yín ti ní in. Ẹ bi í bóyá ó ń tàn án, ojú wo ló ń tàn án sí, àti ọjọ́ tó fẹ́ róòlù náà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fura sí jù. Wọ́n máa ń po nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní síliìpù mọ́ náílọ́nù kó lè máa yọ̀ lórí ẹ̀rọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, á rọra jáde síta, á bo ojú tí kòrónà ti tún ṣe, pàápàá níbi tí ooru bá pọ̀. Èyí tó wà ní 42 lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ lè ti já wálẹ̀ kọjá 38 kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ra pẹ́ẹ̀nì dáìnì 38, ìyẹn pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi ń dán ojú náílọ́nù wò bóyá ó tó 38. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ rárá, ẹ fi fa ìlà lápá òsì, láàárín àti lápá ọ̀tún róòlù, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn. Bí ìlà náà bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì láìpín, ó dáa. Bó bá sún pọ̀ di ẹ̀kán-ẹ̀kán, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kẹ́míkà inú rẹ̀ ò dáa fún ara, kí aláboyún má sún mọ́ ọn. Bí ìlà bá dúró, tí sẹlotéèpù ṣì ń fa íǹkì tó ti gbẹ kúrò, ìgbà yẹn lẹ tó lè padà sórí íǹkì àti bẹ́ ẹ ṣe ń gbẹ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń fẹ́ náílọ́nù fún yín kàn yí iná kòrónà sókè. Bó bá pọ̀ jù, ojú náílọ́nù á fọ́ sí wẹ́wẹ́, íǹkì á dì mọ́ èérún yẹn, àwọn méjèèjì á sì jọ bó. Bó bá tún kan ojú inú, ibi tí ẹ̀rọ ń lẹ̀ pọ̀ lè má lẹ̀ dáadáa mọ́, omi á máa jò.

Pílásímà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà, nǹkan oníkọ̀rọ̀ ló bá mu jù, bí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tàbí ohun èlò ilé ìwòsàn. Owó róòlù ò gbé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan kòrónà nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kíá. Bí róòlù bá máa ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó kàn yín, kòrónà kékeré tí ẹ máa gbé síwájú íǹkì àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ni kẹ́ ẹ náwó sí.