Ojú tó ń mọ́ tó tún ń ṣú: ẹ bi dókítà nípa lymphoma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní nǹkan dúdú dúdú ń fò kiri níwájú wọn, pé tí wọ́n bá kán sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń jẹ́ kí wíwú rọlẹ̀, sójú ó máa ń mọ́ díẹ̀ kó tó tún ṣú, pé dókítà ti wá fẹ́ fa omi inú ojú lọ yẹ̀ wò, ẹ wá ń béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ yẹn ò ní fọ́ wọn lójú. Mò ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi ná torí ó ṣì ń bí mi nínú.

Kò dùn mí, kò pọ́n, kò ṣepin. Mo kàn ń nu gíláàsì mi ṣáá, ìgbà tí mo bọ́ ọ sílẹ̀ tí ìkùukùu yẹn ò kúrò ni mo tó mọ̀ pé ojú ni. Dókítà ní inú ojú ló wú, uveitis ló pè é, ó kọ drọ́ọ̀pù sítẹ́rọ́ìdì fún mi, ó dáa, kò pẹ́ ó padà, wọ́n fi kún drọ́ọ̀pù, wọ́n tún kó tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, oorun dá lójú mi, ṣúgà mi gòkè, ìkùukùu tún padà, ojú kejì náà bá bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló fà á, á ní àwọn míì wà tí wọn kì í mọ ohun tó fà á, á sì máa kọ̀wé lọ, kò ní gbójú sókè wò mí. Ẹni tó ti lé lẹ́ni ọdún 50, tí ò ṣe uveitis rí láyé ẹ̀, ojú méjèèjì, tí ò lọ, kò wá yẹ kẹ́nì kan ronú kan lymphoma ni?

Èyí tó dùn mí jù ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Wọ́n fa omi inú ojú mi nígbà tí mo ṣì ń gbé sítẹ́rọ́ìdì mì! Sítẹ́rọ́ìdì ń pa nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì lymphoma, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé ojú ń gbádùn, ìyẹn náà ló ṣe lè jẹ́ pé lábù ò ní rí nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ tó bá ti kúrò lójú, tèmi wà nílẹ̀ tí ò sẹ́ni tó yà sí i. Èsì dé, wọ́n ní kò sí jẹjẹrẹ, gbogbo ilé ń yọ̀, èmi ò sì ríran. Dókítà míì ló rọra já mi lẹ́nu oògùn kó tó tún un ṣe, ni wọ́n bá rí i. Ó fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí mi, ó fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi yẹ̀ wò, torí irú èyí fẹ́ràn ọpọlọ. Methotrexate, oògùn jẹjẹrẹ, ni wọ́n fi tọ́jú mi, wọ́n ń gún un sínú ojú, wọ́n tún ń fà á sí iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má dá tábúlẹ́ẹ̀tì sítẹ́rọ́ìdì dúró fúnra yín o, ó léwu, dókítà ló ń dín in kù. Tí bàbá bá ń gbàgbé nǹkan lójijì, tí ìwà wọn yí padà tàbí tí apá kan ara ń rọ, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́íńtìmẹ́ǹtì. Irú lymphoma ojú míì tún wà tó máa ń yọ bí ẹran pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ ìpéǹpéjú, kì í dunni, àwọn èèyàn á máa pè é ní àpólò. Ìyẹn kì í sábà sáré, wọ́n sábà máa ń fi ìtànṣán tọ́jú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ uveitis kì í ṣe lymphoma o, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ já láyà.

Háà, iṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ bi mí. Ihò tín-ín-rín ni wọ́n ń lu, wọ́n á fi oògùn pa ojú náà kú kó má bàa dùn wọ́n tàbí kí wọ́n fún wọn lóògùn oorun. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń ríran sí i torí wọ́n ti fa ohun tó ṣú yẹn kúrò. Kòkòrò lè wọ̀ ọ́, retina, awọ ẹ̀yìn ojú tá a fi ń ríran, lè ṣí kúrò láyè ẹ̀, kò wọ́pọ̀, àmọ́ ojú lè ní kàtáráàtì, ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ojú ṣú, tó bá yá. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá gbà kí wọ́n ṣe é. Ẹ ṣáà bi àwọn dókítà kí ọjọ́ tó pé, ta ló máa gbé omi yẹn dé lábù, ṣé lábù sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tí wọ́n bá kanra, ẹ tún un bi.