Ẹ Béèrè, Ká Dá Yín Lóhùn: Ọ̀rọ̀ Pákó àti Gẹdú

Ìbéèrè lórí pákó ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí, mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀.

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà mi ní ìrókò lòun fi ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé mi, owó ìrókò náà ni mo sì san, àmọ́ kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ilẹ̀kùn fi lọ́, kò padé mọ́. Ṣé ó lù mí ní jìbìtì ni? – Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ilé. Ẹ má tíì bá káfíńtà jà. Ó lè jẹ́ ìrókò gidi ni, kó jẹ́ pé kò gbẹ ni wọ́n fi kàn án. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi ló kún inú ẹ̀, ẹ tún rántí gẹdú tó máa ń wà lórí ọ̀sà tẹ́lẹ̀ l'Òkòbàbà, ibi tí wọ́n ti ń la igi l'Ékòó, omi ni wọ́n máa ń gbà fà á wá láti apá Òǹdó àti Ìjẹ̀bú, inú omi náà ló máa ń wà títí tó fi kan ẹ̀rọ. Tí omi inú igi bá ń dínkù, kò sí wàhálà lákọ̀ọ́kọ́, àfi tó bá wálẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo igi náà tó bá gbẹ, ibẹ̀ ni pákó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Gígùn ẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá, fífẹ̀ ẹ̀ ló ń dínkù, kì í sì í súnkì bákan náà yíká: ìhà tó bá tẹ̀ lé òbìrí igi máa ń súnkì tó ìlọ́po méjì ìhà tó lọ láti àárín igi sí èèpo. Òun ló fà á tí pákó fi ń lọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ gbé méjì tó jọ ara wọn nílẹ̀, èyí tó bá wúwo jù tó sì tutù tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kì í ṣe sínú oòrùn ganrínganrín o, torí ó máa là lẹ́nu. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí atẹ́gùn ráyè kọjá, kẹ́ ẹ sì gbé nǹkan tó wúwo lé e lórí. Èyí tó nípọn ínǹṣì kan fẹ́ oṣù mélòó kan, èyí tó nípọn ínǹṣì méjì máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kánjú wọlé kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrókò ni lóòótọ́, ẹ ní kí káfíńtà fá ibì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí yẹ́lò, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á fúngbà díẹ̀ á di búráùn.

Wọ́dúróòbù mi, mahógánì ni wọ́n ní àwọn fi ṣe é, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ láràárọ̀. Kí ló ń jẹ ẹ́? – Olùkàwé kan, Ìbàdàn

Kòkòrò ni, kì í ṣe ikán. Ẹ wo ojú pákó náà dáadáa, ẹ máa rí ihò wínníwínní tí abẹ́rẹ́ fi lè wọ̀ ọ́. Wọ́n lè má parọ́ fún yín pé ọgànwó ni, ìyẹn mahógánì tiwa, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo ibi tí ihò náà wà, ó dá mi lójú pé ibi tó funfun ló pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ igi ló ní inú tó dúdú tàbí tó pupa, ó sì ní funfun tó sún mọ́ èèpo. Inú funfun yẹn ni oúnjẹ igi wà, òun ni kòkòrò ń wá. Funfun ìrókò, funfun apá, funfun ọgànwó, kò sí èyí tó lágbára nínú wọn! Ẹni tó bá ta ìrókò tó kún fún funfun fún yín, orúkọ ló tà, kò ta igi.

Ẹ ní kí káfíńtà yọ pákó tó ti bàjẹ́, kó fi èyí tó jẹ́ inú igi nìkan rọ́pò ẹ̀, kó sì fi sólígínọ́ọ̀mù, ìyẹn oògùn kòkòrò igi, kùn ún níta gbangba kó tó dá a padà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí òórùn ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó kó aṣọ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo kọ́ńdẹ̀m óìlì nínú yàrá.

Èwo ni kí n fi ṣe òrùlé nínú arère, afàrà, ìdígbò àti apá? – Bàbá Táyé, Abẹ́òkúta

Bàbá Táyé, ẹ jẹ́ ká fi ìwúwo bẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Arère tó gbẹ tó kún un ò ju bí 380 kílò lọ, ti apá máa sún mọ́ 800. Omi tó kún un jẹ́ 1,000, igi líle kan tó ń jẹ́ ẹkkì sì máa ń ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń rì, tí wọ́n sì fi ń ṣe afárá àti pákó abẹ́ irin rélùwéè. Igi tó bá wúwo sábà máa ń lágbára, àmọ́ iṣẹ́ ló bá ìyẹn wá, ìṣó ò ní wọlé láìlu ihò sílẹ̀.

Arère ò yẹ lórí òrùlé, ikán fẹ́ràn ẹ̀, tó bá sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ á ní àbàwọ́n búlúù. Iṣẹ́ inú ilé tí kò gbé ẹrù ni tiẹ̀. Àwọn òyìnbó máa ń fi ṣe ìjókòó inú yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, torí kì í gbóná mọ́ èèyàn lára. Afàrà náà ò le sí kòkòrò, àfi tẹ́ ẹ bá kùn ún lóògùn. Ìdígbò dáa jù ú lọ, òun ni mo máa yàn fún ẹni tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, àmọ́ tí omi bá kàn án níbi tí irin wà, á yọ dúdú, á sì máa jẹ ìṣó, torí náà ẹ ra ìṣó tí kì í dípẹtà. Apá lágbára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í súnkì púpọ̀, ikán ò rí i jẹ, àmọ́ fún òrùlé, owó ẹ̀ pọ̀ jù, ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Nǹkan yẹ́lò kan wà nínú ihò ara apá tó máa ń kó àbàwọ́n bá aṣọ tó bá tutù, ẹ má fi ṣe ibi tẹ́ ẹ máa sá aṣọ sí o.

Tẹ́ ẹ bá rí igi òpèpè tó gbẹ, tí owó ẹ̀ ò wọ́n jù, ẹ rà á, igi tí omi kì í tètè bà jẹ́ ni.

Ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sín, ara ẹ̀ sì máa ń yún un tá a bá ń la ìrókò. Ẹ̀rọ wa náà tètè ń kú ẹnu. – Onísọ́míìlì kan, Oǹdó

Lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń ṣe ara àwọn kan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe. Ẹ ra ìbòmú tó dáa fún un, kó wọ aṣọ alápá gígùn, kó wẹ̀ kó tó lọ sílé. Ní ti ẹ̀rọ, òkúta funfun máa ń wà nínú ìrókò míì, inú igi náà ló ti ń dì, ojú ò sì ní tètè rí i, ẹnu ayùn á kàn ṣàdédé kú. Ayùn tí ẹnu ẹ̀ le gan-an lẹ máa lò. Tí àyà ọmọ náà bá ń fún, tí kò lè mí dáadáa, ẹ mú un lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò nídìí ìrókò, kó máa ṣe igi míì.