Kí ló dé tí wọn kì í fi kúlẹ̀kúlẹ̀ iye olùgbọ́ rédíò han aráàlú?

Ọjà ni. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ka olùgbọ́. Iléeṣẹ́ rédíò àtàwọn tó ń polówó ọjà ló sì ń rà á. Bí wọ́n bá gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò tún sanwó? Ní Amẹ́ríkà, Nielsen, iléeṣẹ́ tó ń ka olùgbọ́, tó ra Arbitron tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ ní 2013, máa ń jẹ́ ká rí ìpín gbogbogbòò olùgbọ́ tí iléeṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ní. Ṣùgbọ́n iye obìnrin ọlọ́dún 25 sí 54 tó ń gbọ́ ètò kan láago méje àárọ̀, oníbàárà nìkan ló ń rí ìyẹn. Orúkọ àwọn tí wọ́n ń kà, àṣírí pátápátá ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀bùn ra etí wọn. Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ béèrè iye olùgbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àkókò ìpolówó, iye owó ìṣẹ́jú kan ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.